Àìsàn Àgbà Lára Ummulkulthum

Kóbítì, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹta, 2025.

Lubabah ọmọ mi,

Àsàláámù aléékùm. O kú ààwẹ̀, o kú òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọlọ́run yóò gbà á ní ìjọsìn. Abdulkabir ọkọ rẹ ńkọ́? Mùs'áb ọkọ mi kékeré ńkọ́? Àwa náà ń bẹ níbí, a dúpẹ́. Ọjà ń yá díẹ̀díẹ̀ ní Láfẹ́nwá, torí oṣù ààwẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń rántí pé kẹ́tù àlùwàlá wọn ti jò, ẹní ìkírun wọn sì ti gbó.

Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé kí ló dé tí mo kọ̀wé dípò kí n pè. Tí mo bá pè ọ́, Ummu á ti sáré wá dúró tì mí, á na etí bí ehoro. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ Sàlàhúdíìnì ni yóò máa ya fọ́tò ìwé mi ránṣẹ́ sí ọ lórí Wásáàpù.

Ọmọ rẹ dójú tì mí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ gba ààwẹ̀ pé lọ́dún yìí, mi ò fi tipá mú un. Gbogbo agboolé ló ti ń kí i, tí wọ́n ń pè é ní Àlhájà kékeré. Àfi bí mo ṣe kírun ọ̀sán tán lọ́jọ́ kan tí mo yà sí ẹ̀yìnkùlé, tí mo bá a níbi tó lúgọ sí lẹ́yìn táǹkì, tó gbé kẹ́tù àlùwàlá sẹ́nu, tó ń gbé omi mì gùlù-gùlù. Kì í ṣe pé ó tọ́ ọ wò o. Ó mu ún gbẹ! Mo ní, "Ummu, ṣé ààwẹ̀ lò ń gbà ni, àbí odò Ògùn lo fẹ́ gbé mì?" Ó bú sẹ́kún, ó ní, "Ìyá Àgbà, òùngbẹ ń gbẹ mí."

Mo ní ó dáa, kó má gba ààwẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, omi mímu náà kò dáwọ́ dúró. Bó ṣe ń mu ún ló ń tọ̀ ọ́. Èyí tó wá burú jù ni pé ó tún ti ń tọ̀ sórí ẹní, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí a ń múra wòlímọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti gba tìmùtìmù lọ́wọ́ rẹ̀, orí ẹní lásán ló ń sùn, bóyá ojú á tì í. Tí ilẹ̀ bá mọ́, èèrà á ti tò lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní náà bí ẹni ń lọ sí Mọ́kà. Mo tú gbogbo ẹrù rẹ̀ wò, torí mo mọ̀ pé bisikíìtì ló ń kó pamọ́ síbẹ̀. Mi ò rí bisikíìtì kankan, ó gbọ́n jù mí lọ.

Ó sì ń rù. Aṣọ ọdún tí télọ̀ rán fún un ti ń fẹ̀ lára rẹ̀, kó tó di pé ọdún dé. Bá mi fi oògùn ẹ̀jẹ̀ tó dára ránṣẹ́, kí o sì bá a wí. Ìwọ lo máa ń kẹ́ ẹ jù lórí fóònù. Àáfà kéú rẹ̀ ní ó ku díẹ̀ kó parí Kùránì. Tí a bá ti ṣe wòlímọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn Iléyá, á máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, gẹ́gẹ́ bí a ṣe jọ sọ ọ́ nígbà tí o ń lọ. Ṣé ọmọ tó ń tọ̀ sílé la ó wé láwàní fún?

Kí Mùs'áb fún mi.
Ìyá rẹ, Àfúsá.


Hull, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, 2025.

Màmá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀ o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. A ó jèrè rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Abdulkabir ní kí n kí yín, Mùs'áb náà ń kí ìyàwó rẹ̀.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Inú mi kò dùn sí ìwé yín rárá. Ta ló ní kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gba ààwẹ̀ pé nínú oòrùn Abẹ́òkúta? Tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, kí ni yóò mu, afẹ́fẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ dá tìmùtìmù rẹ̀ padà. Ọmọdé kì í mọ̀ọ́mọ̀ tọ̀ sílé.

Èmi mọ ohun tó ń ṣe é. Àárò mi ló ń sọ ọ́. Ọdún kẹta rèé tí mo ti fi í sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà, ó sì ń rí àbúrò rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi nínú fóònù. Bí ọkàn ọmọdé bá ń jẹ ẹ́, ara ló ń gbà jáde. Àbí kòkòrò inú ni? Ẹ mú un lọ ṣe àyẹ̀wò ibà àti ti kòkòrò, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi kéú fún ìgbà díẹ̀.

Níbi iṣẹ́ mi, àwọn arúgbó ni mò ń wẹ̀ tí mo sì ń fún lóúnjẹ láti alẹ́ mọ́jú. Bí mo bá ń bo aṣọ lé wọn lẹ́sẹ̀, Ummu ni mo máa ń rò, pé ta ló ń bo aṣọ lé e. Nítorí náà ẹ má gba tìmùtìmù lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ò ní bá a wí.

Ọmọ yín, Lubabah.


Kóbítì, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta, 2025.

Lubabah,

Àsàláámù aléékùm. Mo dá tìmùtìmù padà. Mo gbé Ummu lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí wa. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù sì tún wà níbẹ̀. Wọ́n fa omi sí i lára, a gbé e wálé.

Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ti ń bì láti àná. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ bí ẹni tó sáré láti Láfẹ́nwá dé Kóbítì, bẹ́ẹ̀ orí ìdúbúlẹ̀ ló wà. Ẹnu rẹ̀ ń rùn bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti pọ́n jù. Mo po oyin tí wọ́n mú wá fún mi láti Owódé mọ́ omi gbígbóná fún un kó lè ní okun. Àáfà náà kọ àyọkà Kùránì sí wàláà, ó fọ̀ ọ́, ó fi oyin sí i, a sì fún un mu.

Nísinsìnyí tí mò ń kọ̀wé, mo pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó kàn ń wò mí ni. Sàlàhúdíìnì ti lọ wá mọ́tò. Ẹ̀rù ń bà mí. Gbàdúrà.


Hull.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹta, 2025.

Màmá, kí ló dé tí ẹ kò gbé fóònù? Ẹ̀gbọ́n mi náà kò gbé e. Mo ti pè láti àná, mo pè níbi iṣẹ́, mo pè nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ sọ "a wà" fún mi, ìyẹn nìkan ti tó. Kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́. Mo ń bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run.

Lubabah.


Ọsibítù, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta, 2025.

Lubabah ọmọ mi,

Ummu wà láàyè. Ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ gbọ́. Ó la ojú, ó mọ̀ mí, ó ní òun fẹ́ jẹ ìrẹsì. Sàlàhúdíìnì sọ pé òun ti kọ ọ́ sí ọ pé a wà ní ọsibítù, ṣùgbọ́n òun kò ní ẹnu láti sọ ìyókù. Èmi náà ò ní in. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Nígbà tí a fi máa gbé e dé ọsibítù ńlá, kò dá mi lóhùn mọ́. Dókítà kan jáde sí wa, obìnrin ni, ọmọ kékeré bí ìwọ, Ọpẹ́olúwa ni orúkọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ òórùn ẹnu Ummu, kò tíì bi mí ní orúkọ ọmọ tó fi gún un ní ìka. Ó gbé ẹ̀jẹ̀ náà sínú ẹ̀rọ kékeré kan. Ẹ̀rọ kọ̀, kò kọ nọ́ńbà. Dókítà ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kọjá ohun tí ẹ̀rọ yẹn lè kà. Ó wá yíjú sí mi. "Ìyá, báwo ni omi mímu rẹ̀?" Mo sọ fún un. "Ìtọ̀ ńkọ́?" Mo sọ fún un. "Ṣé èèrà máa ń tò sí ibi tó bá tọ̀ sí?" Lubabah, orí mi wú. Ta ló sọ ọ̀rọ̀ èèrà fún un?

Ó ní ìtọ̀ ṣúgà ni.

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló gbọ́, mo rẹ́rìn-ín níwájú dókítà. Mo ní, "Ẹ má bínú o, bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ló wà nínú ẹ̀rọ yín. Àìsàn àgbà nìyẹn. Òun ló pa bàbá tó bí mi, ó sì ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ kó tó mú un. Ọmọ kéú nìyí." Ó ní, "Ìyá, irú ti bàbá yín yàtọ̀. Èyí máa ń mú ọmọdé. Ó máa ń mú ọmọ ọwọ́ pàápàá." Orí ilẹ̀ ọsibítù ni mo jókòó sí.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́, tí omi sì ti ń wọ ara rẹ̀, dókítà wá jókòó tì mí, ó ṣàlàyé. Ó ní ẹran kékeré kan wà lẹ́yìn àpò ìjẹun wa, páńkíríà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń ṣe oje kan tó ń jẹ́ ínsúlínì, tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara kó lè di agbára. Ó ní àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́run fi sínú ara láti máa bá àìsàn jà ló yíjú padà, tí wọ́n dojú kọ páńkíríà Ummu. Mo ní, "Bí ọlọ́dẹ àdúgbò tó yìnbọn lu onílé tó gbà á síṣẹ́?" Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá a jà lábẹ́lẹ̀, kí òùngbẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ààwẹ̀ tó dé. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun báyìí ló fà á. Ó ní ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti kú tí wọ́n ní ibà ni, tó jẹ́ pé ìtọ̀ ṣúgà ni.

Mo bi í pé ìgbà wo ni Ummu yóò lo abẹ́rẹ́ yìí tán. Ó ní, "Ìyá, kò ní lò ó tán." Ojoojúmọ́, Lubabah. Ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ jẹun. Títí ayé rẹ̀.

Oyin tí mo fún un, àti omi tí wọ́n kọ́kọ́ fà sí i lára, ṣúgà ló wà nínú méjèèjì. Dókítà ní wọ́n dá kún un, ṣùgbọ́n wọn kọ́ ló fà á. Ìwọ di "wọn kọ́ ló fà á" mú. Èmi ò tíì lè dì í mú.

Ìyá rẹ, Àfúsá.


Hull.
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, 2025.

Màmá,

Ẹ kú ìrójú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó wà láàyè. Mo ti sunkún títí, ọ̀gá mi ní kí n máa lọ sílé.

Oyin! Màmá, oyin! Ẹ bu oyin sẹ́nu ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti di oyin. Èèrà ń tò lọ síbi ìtọ̀ rẹ̀, bisikíìtì lẹ̀ ń wá. Ọmọ ń gbẹ, ẹ̀ ń ro ti láwàní. Dókítà lè máa fi ọ̀rọ̀ dídùn tù yín nínú, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Èmi mọ ilé tí mo ti dàgbà. Mo mọ mọ́ọ̀tì tí ẹ máa ń fún ọmọ tó bá dé láti ilé kéú, mo mọ súwíìtì tó máa ń wà nínú àpò yín fún ẹni tó bá mọ súrà rẹ̀ kà. Mùs'áb wà lọ́wọ́ èmi. Kò mọ bí mínírà ṣe rí lẹ́nu. Ẹ wo bí ara rẹ̀ ṣe le koko! Ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì, ilé tí wọ́n ti ń jẹun ló yàtọ̀.

Ìyá ọkọ mi ti pè. Ó ní kò sí irú rẹ̀ nínú ẹbí àwọn, kí n lọ bi ẹbí mi léèrè. Kí ni kí n sọ fún un? Ọmọ tó yè kooro ni mo fi sílẹ̀ fún yín.

Abdulkabir ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ físà rẹ̀. Bó bá ti jáde, Ummu kò ní pẹ́ lọ́dọ̀ yín mọ́. Ibi yòówù kí kéú rẹ̀ dé, kó dúró síbẹ̀.

Lubabah.


Kóbítì, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà, 2025.

Ìyá Mùs'áb,

Àsàláámù aléékùm. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọdún Iléyá tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé èsì ìwé yín pẹ́ lọ́wọ́ mi. A kì í kánjú dá àgbà lóhùn, ẹ̀yin lẹ sì ti di àgbà mi báyìí. Ẹ bá wa kí ọkọ yín.

Ọmọ tí ẹ fi síkàáwọ́ mi ń ṣe dáadáa. Ínsúlínì rẹ̀ wà nínú ìkòkò amọ̀ tí mo fi iyanrìn tútù yí ká, torí ẹ̀yin náà mọ bí iná mànàmáná ṣe ń ṣe sí wa. Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Tóyìn ló kọ́ mi ní abẹ́rẹ́ gígún, ọsàn ni mo fi kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ máa gún Ummu fúnra mi, mo ń nu ojú ibẹ̀ léraléra láìgún un, títí ọmọ fi ní kí n gbé abẹ́rẹ́ wá, òun á gún ara òun. Ó ká aṣọ sókè, ó fún awọ ikùn rẹ̀ pọ̀, ó gún un. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń gún un. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó tì í, kí n wo nọ́ńbà. Ó wá sanra, ẹ máa rí i nínú fọ́tò. Kò tọ̀ sílé mọ́.

Lọ́jọ́ kan ní ìsọ̀ mi ní Láfẹ́nwá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn bò ó, ọ̀rọ̀ ń ta kókó lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rọ ní ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Ṣé ẹ mọ ohun tí dókítà ti ní kí n ṣe bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀? Kí n fún un ní ṣúgà, kíá. Mo fún un. Ẹ má gbàgbé láti kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Nítorí ìgbà tó lò ní ọsibítù, wòlímọ̀ kò lè wáyé lẹ́yìn Iléyá mọ́. Àáfà ní tó bá di lẹ́yìn Máólúdì, yóò ti parí. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó parí Kùránì lọ́wọ́ mi kí ẹ tó mú un lọ. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láti orí álífù.

Dókítà Ọpẹ́olúwa tún ní kí n jíṣẹ́ kan fún yín. Ó ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tó lè fi hàn bóyá àwọn ọmọ ogun ara ti ń dojú kọ páńkíríà ọmọ, kódà kí ṣúgà rẹ̀ tó ga rárá, kó tó mọ òùngbẹ. Kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ní ó ṣeé ṣe kó wà lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún. Ó ní kí ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà lọ ṣe é. Mo sọ fún dókítà pé kó má dààmú ara rẹ̀. Mo ní ọmọ yẹn kò mọ bí mínírà ṣe rí lẹ́nu.

Èmi ni, Àfúsá, onísúwíìtì.


Hull.
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Kẹjọ, 2025.

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, èyí tí ẹ bá fẹ́ ni kí ẹ mú níbẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ìwé yìí.

Inú bí mi nígbà tí mo ka ìwé yín. Ẹ pè mí ní Ìyá Mùs'áb, ẹ ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, èmi tí ẹ fi ọ̀já yín pọ̀n. Mo ní ó dáa, màá mú Mùs'áb lọ ṣe àyẹ̀wò náà, màá ya fọ́tò èsì rẹ̀, màá fi ránṣẹ́ sí yín kí ẹ fojú ara yín rí i pé ọwọ́ tí ọmọ bá wà ló ń sọ bó ṣe máa rí. Ìdí tí mo fi lọ nìyẹn. Màmá, kò sí ìdí mìíràn.

Wọ́n gún un ní ìka, ó rẹ́rìn-ín, wọ́n fún un ní àwòrán ìràwọ̀ kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n pè mí pé ká padà wá, pé wọ́n fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i láti fi dá a lójú. Wọ́n tún pè mí lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kí bàbá rẹ̀ náà bá mi wá.

Ó wà lára rẹ̀, Màmá. Àwọn ọmọ ogun náà wà lára Mùs'áb. Dókítà ní wọn kò tíì pa páńkíríà rẹ̀, ṣúgà rẹ̀ ṣì dára, kò sí ohun tó ń ṣe é tí ojú lè rí. Ṣùgbọ́n ó ní àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọdún tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ ìgbà tó bá di géńdé, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọjọ́ abẹ́rẹ́ ń bọ̀. Mo ní, "Kò mu mínírà rí." Mo tún sọ ọ́. Abdulkabir di ọwọ́ mi mú torí mi ò mọ̀ pé mo ń pariwo. Dókítà ní, "Ìyáàfin, kò sí ohun tí ẹ fún un jẹ tó fà á, kò sì sí ohun tí ẹ lè fi dù ú tí ì bá dá a dúró."

Ẹ gbọ́, Màmá. Ohun tí wọ́n sọ fún yín nínú oṣù ààwẹ̀ ni wọ́n sọ fún mi, ọ̀rọ̀ kan náà.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Mùs'áb. Ó ń sáré káàkiri ilé nísinsìnyí, ó ń fi ìgò omi rẹ̀ lu ilẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ní "Mọ́mì, omi," ara mi á bù máṣọ. Mo ń bọ́ arúgbó, mo ń wẹ arúgbó, èmi ni wọ́n ń pè tí ara wọn bá le, ọ̀bẹ kì í sì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. N kò tilẹ̀ lè wo abẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo kọjú sí ògiri.

Físà Ummu ti jáde. Mo mọ ohun tí mo kọ sí yín tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un dání. Ẹ jẹ́ kó parí kéú, ẹ jẹ́ kó ṣe wòlímọ̀, kó máa gbé lọ́dọ̀ yín bí ẹ bá ṣe fẹ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n tọ́jú. Mi ò lè wo méjì pọ̀, Màmá. Mi ò ní agbára rẹ̀.

Ẹ forí jì mí.
Lubabah yín.


Kóbítì, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Lubabah, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàláámù aléékùm. Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run yóò dá a sí fún wa.

Ìsọ̀ ni mo wà nígbà tí Sàlàhúdíìnì ka ìwé rẹ sí mi létí. Mo ní kó tún un kà. Mo ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ lójú ọjà, àwọn oníbàárà ń kanlẹ̀kùn, mo jókòó sáàárín kẹ́tù. Mo ti rò pé mo ti rí òpin ìyàlẹ́nu lọ́dún yìí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Mo rò ó pé ìwé burúkú tí mo kọ sí ọ ló sọ ọ́ di ẹni tó lọ ṣe àyẹ̀wò, ìbínú ìyá àti ọmọ ló gbé ọmọ náà débẹ̀. Mo lọ bi Dókítà Ọpẹ́olúwa. Ó ní ká dúpẹ́. Ó ní Ummu fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ká tó mọ̀, ṣùgbọ́n Mùs'áb ti di ẹni tí a mọ̀. Bí òùngbẹ àkọ́kọ́ bá dé, o ò ní máa wá bisikíìtì kiri.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí o sọ nípa Ummu. Ìwọ kò mọ bí mo ṣe fẹ́ gbọ́ ọ tó. Láti oṣù Kẹta ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí físà náà má jáde. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ọ, mo bẹ Ọlọ́run bẹ́ẹ̀. Ó wá jáde, ìwọ fúnra rẹ sì ní kí n mú un dání. Èmi ni mo borí.

Rárá, Lubabah. Ummu ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ.

Ní ibí, tí iná bá lọ, ìkòkò amọ̀ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Tí ínsúlínì bá wọ́n, mo máa ń gun ọ̀kadà kiri láti Láfẹ́nwá dé Ìbarà. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ mi bá bà á tì, ọmọ náà ló máa jẹ ẹ́. Lọ́hùn-ún, kò ní wá a tì. Àti pé ìwọ kò lè wo abẹ́rẹ́. Ta ni yóò fi han Mùs'áb pé kò pa èèyàn? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gún ara rẹ̀ ní àràárọ̀, tó sì ń lọ síléèwé, ló yẹ kó máa rí kí tirẹ̀ tó dé. O ní o ò lè wo méjì. Wàá wò wọ́n. Mo bí márùn-ún, mo wò wọ́n.

Kùránì ku díẹ̀ kó parí. Àáfà ní òun á máa bá a kà á lórí fóònù. Wòlímọ̀ náà á dúró, kì í ṣe òun ló ń gbé ẹ̀mí ró. Sàlàhúdíìnì á mú un dé pápákọ̀ òfurufú. Mo ti kó ẹrù rẹ̀.

Àná ni mo sọ fún un. Mo rò pé yóò hó ìhó ayọ̀, torí ọjọ́ pẹ́ tó ti ń retí rẹ. Ìbéèrè ló bi mí. Ó ní ta ni yóò máa jókòó ti òun tí òun bá fẹ́ gún abẹ́rẹ́. Mo ní, "Màmá rẹ ni." Ó ní, "Ìyá Àgbà, ṣé ó mọ̀ pé mi ò kì í fẹ́ kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ títí màá fi yọ ọ́?"

Mo ní kó dúró, kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Pè é kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá rẹ,
Àfúsá.